Ẹ̀rù, Ìrẹ̀wẹ̀sì àti Èémí Ẹni Tí Ó Ní Ikọ́ Sémìísémìí

Ọ̀rọ̀ èémí ni a fẹ́ jọ sọ lónìí. Ohun tí a ń ṣe tọ̀sán-tòru ni mímí, síbẹ̀ a kì í rántí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá fẹ́ wọ́n wa.

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìlerò, tàbí ní Òkèhò, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ẹ mọ bí ilẹ̀ Òkè-Ògùn ti máa ń rí láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì. Ọyẹ́ á mú. Afẹ́fẹ́ á máa gbé eruku bọ̀ láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà, àní láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, a ó sì máa fi ọwọ́ nù ún lórí àga àti tábìlì. Pápá á gbẹ, wọ́n á ti iná bọ ìgbẹ́, èéfín á gba ojú ọ̀run. Níhìn-ín wọ́n ń lu ọkà bàbà, lọ́hùn-ún wọ́n ń kù èlùbọ́, nínú ilé ìdáná igi tútù ń rú èéfín. Ní irú àkókò yìí ni ẹni tí ó ní ikọ́ sémìísémìí máa ń rí ìpọ́njú.

Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní asthma ni mo ń wí. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, kì í sì í ràn. Kò sí ìdí tí a ó fi ya ife tàbí ẹní ẹni tí ó ní in sọ́tọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 262 ènìyàn ni ó ní in káàkiri ayé, ó sì pa nǹkan bí 455,000 nínú wọn. Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn ilé ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ọmọ kan a máa mí dáadáa. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí bí wọ́n bá bá a wí gidigidi, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àwọn kan á ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀rù lásán ni, ó ń díbọ́n ni.” Àwọn mìíràn á ní, “Àyà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kí ló kan ọkàn níbẹ̀?” Ìdajì òtítọ́ ni ó wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Àìsàn ọ̀nà èémí ni ikọ́ sémìísémìí, ẹ̀rù kọ́ ni ó ń dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè fún ọ̀nà náà pọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè mú kí ènìyàn kọ ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ́jú ọ̀kan, tí ó pa èkejì tì, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà èémí ti rí. Ọ̀pá tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú àyà pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ọ̀kan sí ti òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ń ya ẹ̀ka, ẹ̀ka ń ya ẹ̀ka, bí igi òrí inú pápá wa, títí wọn á fi tín-ín-rín bí ọwọ̀n igbálẹ̀. Iṣan wéẹ́wèèwéẹ́ ni ó yí àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ká. Nínú ẹni tí ó ní ikọ́ sémìísémìí, ara inú ọ̀nà wọ̀nyí máa ń wú, ó sì máa ń tètè bínú sí eruku, èéfín, òtútù tàbí ọ̀fìnkìn. Bí ó bá bínú, iṣan tí ó yí i ká á fún mọ́ra, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ìwọ̀nba àyè tí ó kù. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣe fèrè rí, ẹ mọ̀ pé bí ihò bá ṣe kéré tó ni fífẹ́ á ṣe le tó. Bẹ́ẹ̀ ni àyà aláìsàn yìí ṣe máa ń fọn bí fèrè nígbà tí ó bá ń mí síta.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní “nígbà tí ó bá ń mí síta.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ kò wọlé ni wàhálà rẹ̀. Ohun tí ó le jù ni pé èyí tí ó ti wọlé kò rí ọ̀nà jáde. Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń ba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara rẹ̀ á múra láti sá tàbí láti jà. Àyà á máa lù kìkìkì, ara á le, yóò sì máa mí gúlegúle. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó pàdé ejò lójú ọ̀nà oko, mímí gúlegúle yìí yóò ràn án lọ́wọ́ láti sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti há ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé kí ti àtijọ́ tó jáde tán. Ó dà bí ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn ti inú ilé ń fẹ́ jáde, àwọn ti ìta ń rọ́ wọlé, gbogbo wọn há sí ẹnu ọ̀nà. Àyà á kún dẹ́múdẹ́mú, síbẹ̀ á máa ṣe é bí ẹni pé kò rí afẹ́fẹ́ kankan. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó ń mí gúlegúle kì í fi imú mí mọ́, ẹnu ni ó ń fi mí. Imú ni ó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, tí ó ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ó sì ń fún un ní ìrinrin. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tí ó gba ẹnu wọlé gbẹ, ó sì tutù, ó sì ń tún bí àyà nínú sí i. Nítorí náà ni ẹkún púpọ̀, ìbínú, àní ẹ̀rín àríntàkìtì pàápàá, fi lè gbé àìsàn yìí dìde.

Èémí tí kò tó náà sì ń bí ẹ̀rù. Kò sí ohun tí ó ń dẹ́rù ba ẹ̀dá bí kí ó máa fẹ́ mí kí ó má rí i mí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tí èémí ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí àyà rẹ̀ bá fún díẹ̀ lásán, ọkàn rẹ̀ á ti sáré padà sí òru ọjọ́ náà. Báyìí ni èémí ń fa ẹ̀rù, tí ẹ̀rù ń fa èémí, tí àwọn méjèèjì ń le sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Maimonides, oníṣègùn Júù tí ó gbé ní ilẹ̀ Íjíbítì, kọ ìwé kan lórí àìsàn yìí, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ìbànújẹ́ ọkàn a máa ba mímí jẹ́. Ní ọdún 1886, dókítà kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, John Noland Mackenzie, ń tọ́jú obìnrin kan tí òdòdó róòsì máa ń yọ lẹ́nu. Bí ó bá ti sún mọ́ ọn, imú rẹ̀ á di, èémí rẹ̀ á há. Dókítà náà gbé òdòdó róòsì kan síwájú rẹ̀, ìyọnu náà sì bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́wọ́. Òdòdó náà kì í ṣe òdòdó gidi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ní ọdún 1968, Thomas Luparello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York tún wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ọ̀nà èémí. Wọ́n pe 40 ènìyàn tí ó ní ikọ́ sémìísémìí, wọ́n ní kí wọ́n fa ìkùukùu omi iyọ̀ símú, wọ́n sì sọ fún wọn pé ohun tí ó máa ń bí àyà wọn nínú ni. Ọ̀nà èémí àwọn 19 fún pọ̀; nínú wọn, 12 ni àìsàn náà dìde sí pátápátá. Wọ́n tún fún àwọn 12 yìí ní omi iyọ̀ kan náà, wọ́n ní oògùn ni, èémí wọn sì já gaara. Wọ́n ṣe bákan náà fún àwọn tí kò ní àìsàn yìí, kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní, àwọn ènìyàn náà kò díbọ́n; ẹ̀rọ rí i pé ọ̀nà èémí wọn há lóòótọ́. Èyí rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé okùn ìfiránṣẹ́ kan wà tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà, òun ni ọpọlọ fi ń sọ fún iṣan ọ̀nà èémí pé kí ó fún mọ́ra. Èkejì, ìgbàgbọ́ ọkàn kò lè mú ẹni tí kò ní àìsàn náà. Ẹ̀rù lè ti ilẹ̀kùn tí ó ti fẹ́ tì tẹ́lẹ̀ ni; kì í ṣe òun ni ó kan ilẹ̀kùn náà.

Àwọn oníṣègùn pàápàá ti ṣì í rí. William Osler, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ka àìsàn yìí mọ́ ọ̀ràn iṣan ìmọ̀lára nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti ọdún 1892, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni a sì ń wá orísun rẹ̀ sínú ọkàn aláìsàn tàbí sínú ìwà ìyá rẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé ara inú ọ̀nà èémí ni ó wú. Oògùn salbutamol tí a ń fín sẹ́nu, tí ó ń tú iṣan náà sílẹ̀, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969. Èyí tí a ń fín láti mú wíwú náà rọlẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1972.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti òru. Ikọ́ sémìísémìí fẹ́ràn òru, pàápàá láàárín aago méjì sí aago mẹ́rin ìdájí. Ọmọ á ta jí, á jókòó, á máa fa ejìká sókè, ojú rẹ̀ á yọ. Nínú ilé púpọ̀, ẹnì kan á sọ pé ayé ni ó ń fún un lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ara ènìyàn ní omi ara kan tí ó ń dá wíwú dúró. Ó máa ń pọ̀ lówùúrọ̀, ó sì máa ń dín kù gidigidi lóru. Ní òru kan náà ni ọ̀nà èémí gbogbo wa máa ń há díẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà tirẹ̀ gbòòrò kò ní mọ̀; ẹni tí tirẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀ ni yóò mọ̀. Bí ẹ bá wá sọ létí ọmọ tí kò rí i mí pé ọ̀tá wà lórí òrùlé, ẹ ti fi ẹ̀rù kún ẹrù tí kò lè gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà kí ó gbà á, ṣùgbọ́n kí oògùn wà lẹ́nu ọmọ, kí ohùn àdúrà náà sì lọ sílẹ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yàtọ̀ sí ẹ̀rù. Ẹ̀rù ń sáré; ìrẹ̀wẹ̀sì ń wọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń jí lóru lójoojúmọ́ nítorí èémí, tí kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, tí kò lè lọ sí oko bí àwọn èèyàn bá ń sun ìgbẹ́, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní abirùn, bí ọkàn rẹ̀ bá wó, kò yà wá lẹ́nu. Ẹ máa wo àmì wọ̀nyí: oúnjẹ kò wù ú, oorun dà á tàbí ó ń sùn jù, ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò mú inú rẹ̀ dùn mọ́, ó ń yẹra fún ènìyàn, ó ń ka ara rẹ̀ sí aláìwúlò. Bí èyí bá pé ọ̀sẹ̀ méjì láìdáwọ́ dúró, àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ó bá ń sọ pé ikú sàn fún òun ju ayé lọ, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Báwo ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń dé inú àyà? Oògùn tí ń mú wíwú rọlẹ̀ kì í fi agbára rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, àní nígbà tí ara bá dá. Ẹni tí kò nírètí á ní, “Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?” Yóò fi sílẹ̀ lónìí, yóò fi sílẹ̀ lọ́la. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé agolo rẹ̀ ti tán. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀nà èémí á tún wú, àìsàn á pọ̀ sí i, ìrẹ̀wẹ̀sì náà á sì jinlẹ̀ sí i.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí ń ṣe. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní 2007 kó orílẹ̀-èdè 17 pọ̀, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Àwọn àgbàlagbà tí ó ní ikọ́ sémìísémìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn wọ́pọ̀ láàárín wọn ju àwọn tí kò ní in lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ wa. Àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá, Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi bi àwọn ènìyàn wa ní ìbéèrè.

Kí ni kí a wá ṣe? Bí àìsàn náà bá dìde, ẹ gbé aláìsàn jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó fi ọwọ́ lé orúnkún. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ mú un kúrò nínú èéfín, kí èrò má ṣe pagbo lé e lórí. Ẹ fún un ní oògùn fínfín tí ń tú èémí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí, ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó mí dáadáa kí ẹ tó tún fín òmíràn. Fún ọmọ kékeré, ìgò oníke wúlò púpọ̀. Ní 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn pé ìgò oníke tí ó gba ìdajì lítà, tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnu agolo oògùn lè wọ̀ ọ́ pinpin, ń ṣiṣẹ́ bí èyí tí a ń fi owó ńlá rà. Ọmọ á fi ẹnu bo ẹnu ìgò, ẹ ó fín oògùn sí i láti ìdí, ọmọ á sì máa mí jẹ́jẹ́ láti inú rẹ̀.

Bí oògùn bá ti wọlé, ẹni kan tí ó lóhùn pẹ̀lẹ́ ni kí ó jókòó tì í. Kí ó sọ fún un pé, “Mo wà níbí. Fi imú fà á díẹ̀. Ká ẹnu jọ bí ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ iná, kí o fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.” Mímí síta fún ìgbà pípẹ́ ni ó ń fún afẹ́fẹ́ tí ó há ní àyè láti jáde, òun náà ni ó sì ń mú ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ni èyí, kò lè dípò oògùn.

Nígbà mìíràn, ìpayà nìkan ni. Òòyì á máa kọ́ ènìyàn, yóò sì dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ìka rẹ̀ àti yíká ẹnu rẹ̀, àyà rẹ̀ kò sì fọn. Mímí àmíjù ni ó ń fa èyí. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ní ikọ́ sémìísémìí, tí kò sì dá yín lójú, ẹ ṣe é bí ikọ́ náà. Ẹ má ṣe da àpò bébà bo ẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe; ó léwu. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú bí aró, bí ara àárín eegun ìhà bá ń wọlé, bí oorun bá ń gbé e lọ, tàbí bí àyà tí ó ń fọn bá dákẹ́ lójijì láìjẹ́ pé ó rọrùn fún un, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ yín, kí ẹ sì máa fín oògùn náà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ní àìsàn yìí nílé kí ó ti bá onímọ́tò kan sọ ọ́ ṣáájú ọyẹ́. Òru kọ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gbé ni.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí a kàn ń rà ní kẹ́mísì. Propranolol, tí àwọn kan ń lò nítorí àyà tí ń lù, lè ti ọ̀nà èémí pa lára ẹni tí ó ní ikọ́ sémìísémìí. Oògùn oorun náà lè dín mímí kù. Ẹ sì mọ̀ pé salbutamol fúnra rẹ̀ a máa mú kí ọwọ́ gbọ̀n kí àyà sì lù fún ìgbà díẹ̀. Oògùn ni, kì í ṣe ikú ni ó dé. Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó sọ ti àyà, kí ó sì sọ ti ọkàn pẹ̀lú. Ìtọ́jú wà fún àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì, ní ọ̀rọ̀ sísọ àti ní oògùn; bí ti ìtòsí kò bá tó, UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn Arò sì wà ní Abẹ́òkúta. Ní Arò yìí ni Thomas Adéoyè Lámbò, tí ó kú ní 2004, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954: àwọn aláìsàn ọkàn ń gbé nílé àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ó mọ̀ pé ará ilé ẹni wà lára oògùn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó ní àìsàn yìí jókòó jìnnà sí eruku ẹfun pátákó, kí agolo oògùn rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí èémí ẹgbẹ́ yín bá há, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú yín kí ó sáré pe tíṣà, ọ̀kan kí ó dúró tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ní ikọ́ sémìísémìí fúnra yín, ẹ má ṣe tijú láti sọ pé ẹ̀rù ń bà yín tàbí pé ó ti sú yín. Kò sọ yín di ojo, kò sì sọ àìsàn yín di irọ́. Dókítà tí ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì ìwòsàn ni yóò ṣe.

Kí èémí wa máa já gaara.